Mo fẹ́ fi tíátà jẹun, Kétu ni mo sì ń gbé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

AránṣọKétu

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọmọ ọdún 22 ni mí. Aṣọ ni mò ń rán, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnu ọ̀nà àtijọ́ ìlú Kétu ní Bẹ̀nẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń ṣeré Kérésìmesì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bá sì jáde lóru, àárín àwọn ìyá tó ń gbe orin lẹ máa bá mi. Ẹ̀rù èrò kì í bà mí, iwájú èrò gan-an ni ọkàn mi ti máa ń balẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ fi jẹun, mi ò fẹ́ kó mọ sí eré ọdún nìkan.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ibí rèé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọkùnrin kan rí fídíò mi lórí TikTok, ó kọ̀wé sí mi. Ó ní Èkó lòun ti ń ṣe fíìmù, pé ojú mi yẹ olorì, kí n wá ṣe ìyàwó ọba nínú iṣẹ́ tuntun òun. Ó ní kí n fi 150,000 sẹ́fà ránṣẹ́ fún fọ́ọ̀mù àti aṣọ olorì, kí n sì wá bá òun ní òtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́yìn ibodè, ká lè jọ ka ìwé eré. Mo ti tu 90,000 jọ. Ìyá mi kò mọ̀ sí i. Bàbá mi ní tirẹ̀ ti sọ pé òun kò bí alárìnjó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi, kódà bó bá máa dùn mí.

ÌyáÌbejìPọ́bẹ̀

Ọmọ mi, má fi sẹ́fà kan ránṣẹ́. Ta ní ń ka ìwé eré nínú òtẹ́ẹ̀lì lóun nìkan pẹ̀lú ọmọbìnrin? Gbangba ni wọ́n ti ń kà á, gbogbo òṣèré á jókòó yíká, kálukú pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ọmọ àbúrò mi lọ irú ìrìn yìí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó padà délé, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n títí dòní, bí fóònù bá dún lóru, ṣe ló máa ń ta gìrì. Sọ fún ìyá rẹ lónìí, kó o tó sùn. Èmi tí mi ò mọ̀ ọ́ rí, àyà mi ń já.

ỌmọṢábẹ̀ẹ́

Ìyá Ìbejì ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Jẹ́ kí n fi tèmi kún un, nítorí ọdún mẹ́rin ni mo lò lẹ́yìn ọ̀gá kan ní Abẹ́òkúta.

Lódìkejì ibodè, ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ọ̀gá kan á wà, á ní àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní ọjọ́ ìpàdé àti ibi ìpàdé. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á gba fọ́ọ̀mù, á san owó ìwọlé, á kọ́ṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà wọ́n á ṣe fúrídọ̀mù fún un, bí wọ́n ṣe ṣe fún ìwọ náà nídìí aṣọ. Ìyẹn kì í ṣe jìbìtì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ lò ń sanwó fún níbẹ̀. Ipa inú eré, a kì í rà á. Ẹni tó pè ọ́ síṣẹ́ ló yẹ kó sanwó fún ọ, aṣọ olorì sì wà lọ́rùn ẹni tó ni fíìmù. Bi ọkùnrin yẹn léèrè ta ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ẹgbẹ́ wo ló wà, ṣé àwọn TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré Nàìjíríà, mọ̀ ọ́n, òṣèré mẹ́ta wo ló ti bá ṣiṣẹ́. Òṣèré tòótọ́ kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, torí orúkọ ọ̀gá ẹni la fi ń yangàn nídìí iṣẹ́ yìí.

Mo tún fẹ́ kó o mọ bí ọjọ́ iṣẹ́ ṣe ń rí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ sí lókéṣọ̀n, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, aago márùn-ún ìdájí la kúrò nílé. Wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ ààfin ni mí. Wọ́n wọ̀ mí láṣọ, wọ́n fún mi ní ọ̀kọ̀, wọ́n ní kí n lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Jẹnẹrétọ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì. Oòrùn wọ̀. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá kí wọ́n tó pè mí. Gbólóhùn kan péré ni mo ní: "Kábíyèsí, àwọn àlejò ti dé." Mo ti sọ ọ́ nínú ara mi títí ó fi sú mi. Olùdarí ní ó yá. Mo la ẹnu, mo sọ ọ́, gbogbo ilẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ohùn Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú mi ní Bẹ̀nẹ̀, ló jáde. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn Ṣábẹ̀ẹ́ náà ni. Wọ́n bá gba gbólóhùn náà lẹ́nu mi fún ọmọ Ìbàdàn kan, èmi wá di ọ̀kọ̀ mi mú, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí wọ́n fi ní "Kọ́tì!" Mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn, àràárọ̀ ni mò ń tan rédíò. Bí akéde bá ti sọ gbólóhùn kan, èmi náà á sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Ó gbà mí tó ọdún kan. Nítorí náà, àbúrò mi, tètè kọ́ Yorùbá tí ará Èkó àti ará Ìbàdàn jọ ń gbọ́, kó o tó sọdá.

BàbáẸ̀fẹ̀

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, mo ka ohun tó o kọ, ó dùn mí wọ eegun. Àwọn tó rẹ́rìn-ín yẹn kò mọ ohun tí etí wọn ń gbọ́. Ṣùgbọ́n má kọ́ ọmọbìnrin yìí pé ahọ́n ni kó kọ́kọ́ lọ pààrọ̀.

Kétu níbí là ń tọ́ka sí pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀. Ní 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀ pé ogún gbogbo aráyé ni. Ní 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ wọn lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ohùn wa yìí ni àwọn baba wa fi kọ ọ́ kó tó dé iwájú ẹnikẹ́ni.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún òṣèré. Òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń kọrin. Igi gbígbẹ́ wà lórí rẹ̀, aṣọ bo ojú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rí ẹnu rẹ̀. Síbẹ̀, ìyá arúgbó tó jókòó sẹ́yìn pátápátá gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ìyá yẹn kò bá rẹ́rìn-ín, a mọ̀ pé orin kò tíì délé. A kì í pariwo o. Ikùn là ń fi mí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá mi á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi níbàdí, á ní kí n mí títí ọwọ́ òun á fi sún. Bí ọwọ́ náà kò bá sún, n kò ní kọrin lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀fẹ̀ á sọ gbólóhùn kan, á sì dúró. Dídúró yẹn gan-an niṣẹ́. Bó bá yára tẹ̀ síwájú, ẹ̀rín á há sí àwọn èèyàn lọ́fun. Bó bá pẹ́ jù, ọ̀rọ̀ á tutù. Etí lo fi ń mọ̀ ọ́n, o ò lè kà á ní oókan, eéjì, ẹẹ́ta.

Ìwọ ọmọ yìí, o ti ń gbe orin, o ti mọ ìdajì rẹ̀ láìmọ̀. Ohun tó jẹ́ ti awo, ti awo ni, ọkùnrin ló sì ń gbé igi. Mímí àti dídúró kì í ṣe awo. Bó o bá wá, màá kọ́ ọ, mi ò ní gba nǹkan kan.

ỌmọṢábẹ̀ẹ́

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Òótọ́ lẹ sọ, ó sì yẹ kí n sọ èyí tó kù nínú ìtàn mi. Lọ́dún tó kọjá, olùdarí kan wá mi kiri nítorí ohùn tí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín yẹn. Ó ń wá ọdẹ tó ti ọ̀nà jíjìn wá, kò fẹ́ ẹni tó máa ṣe ohùn àjèjì bí ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mo sì gba owó mi pé. Nítorí náà mo tún ọ̀rọ̀ mi ṣe: kó kọ́ tiwọn kún tirẹ̀. Kó má fi tirẹ̀ sílẹ̀.

ÀjàṣẹNiMí

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Mo ń rí i pé gbogbo wa ti kọjú sí Èkó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa níbí. Ogún ọdún ni mo ti ń fi ohùn àti ara ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), mo ti fi rán ọmọ mẹ́ta nílé ìwé, mi ò sì lọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Kí n sọ bó ṣe rí.

Eré rédíò wà. Ìpolówó wà. Àwọn tó ń ṣe ìlanilọ́yẹ̀ káàkiri abúlé àti ọjà wà, tí wọ́n ń wá ẹgbẹ́ tó máa fi eré ṣàlàyé ibà, abẹ́rẹ́ àjẹsára, tàbí kí ọmọbìnrin má kúrò nílé ìwé. Eré ogún ìṣẹ́jú ni, o ò ní ìtàgé, o ò ní iná, ewúrẹ́ á gba àárín yín kọjá. Iṣẹ́ yẹn ló kọ́ mi jù. Bó o bá lè mú kí ìyá tó ń ta gàrí gbé agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ láti wò ọ́ tán, kò sí kámẹ́rà tó máa dẹ́rù bà ọ́. Láti Àjàṣẹ́ dé Sakété, Pọ́bẹ̀, títí dé Kétu, ọ̀nà kan ni, ẹgbẹ́ wa ti tò ó lọ tò ó bọ̀ láìmọye ìgbà.

Èdè lowó níbẹ̀. Yorùbá àti Gùn ni mo fi ń ṣe é, Faransé ni mo fi ń gba iṣẹ́, torí Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé àdéhùn. Àbúrò mi obìnrin, bí Faransé rẹ bá ti dẹ́kun níbi tó o ti kúrò nílé ìwé, padà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bó o bá ń fẹ́ ẹ̀kọ́ gidi nípa ìtàgé, ilé ẹ̀kọ́ tíátà tí wọ́n ń pè ní EITB wà ní Togbin, nítòsí Kùtọ̀nù, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. Àjọ̀dún tíátà FITHEB náà wà láti 1991. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ṣe é, ta ohun tó o bá lè tà kó o lọ wò ó. Mo rí àwọn òṣèré Màlì àti Bùkínà Fásò níbẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, mi ò gbọ́ èdè wọn, mo sì sunkún.

Ọ̀rọ̀ owó. Ilé iṣẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ wọn, gbé mi sínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ẹnu la fi ṣàdéhùn. Ohùn mi ń jáde lórí rédíò di bí mo ti ń kọ̀wé yìí, n kò rí sẹ́fà kan gbà. Láti ìgbà náà, kí n tó la ẹnu, a ó ti kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ iṣẹ́, iye ọjọ́, iye owó, ta ló ń san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ, ìgbà tí wọ́n máa san án, ibi tí wọ́n ti máa lò ó. Bí wọ́n bá ń gbé e sórí YouTube lẹ́yìn náà, ìyẹn náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ojú ìwé kan ti tó. Ẹni tó bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún ọ. Àti pé òfin Bẹ̀nẹ̀ ti 2006 mọ òṣèré mọ́ àwọn tó ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ wọn, kì í ṣe ẹni tó kọ ìwé nìkan. BUBEDRA ni ọ́fíìsì tó ń bójú tó o. Lọ síbẹ̀, lọ béèrè bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀.

Kámẹ́rà229

Èmi ni mo máa ń dúró lẹ́yìn kámẹ́rà, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kíákíá.

Àwọn tó ń ṣe kásítìn, ìyẹn àwọn tó ń yan òṣèré fún fíìmù, kò ráyè. Fídíò ìṣẹ́jú méjì tó o bá fi ránṣẹ́ ni ojú rẹ lọ́dọ̀ wọn. Gbé fóònù sí ìbú, má gbé e sí òòró. Ògiri tí kò ní nǹkan lára ni kó o dúró níwájú rẹ̀, kojú sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ wá bá ojú rẹ. Má fi fíltà, má fi orin sí i. Kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹ, ọjọ́ orí rẹ, gíga rẹ, ibi tó o ń gbé, èdè tó o gbọ́. Lẹ́yìn náà ṣe eré kékeré méjì tí kò jọra: ọ̀kan tí o kò ti ní sọ ohun púpọ̀, ọ̀kan tó o ti ń bá ẹnì kan jà. Bó o bá ń ṣe eré náà, má wo ojú kámẹ́rà, wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kejì dúró níbẹ̀.

Ohùn ló ń ba fídíò àwọn ọmọ wa jẹ́ jù. Ariwo sẹmijáànì (ọ̀kadà), àkùkọ, mọ́ṣáláṣí, gbogbo rẹ̀ á wọlé. Ṣùgbọ́n ìwọ ní ohun tí ọ̀pọ̀ kò ní: ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Fi aṣọ tó nípọn kọ́ yí ara rẹ ká, lẹ́yìn kámẹ́rà àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Aṣọ ń mu ariwo, ohùn rẹ á jáde kedere. Mo ti rí ilé ìgbohùnsílẹ̀ tí wọ́n ná owó sí tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣì kù, mo rò pé òun gan-an lọ̀nà rẹ. Gbogbo lókéṣọ̀n ló ń wá ẹni tó mọ aṣọ. Lọ́jọ́ kan náà, a lè ya ìran tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù ní àárọ̀, ká ya èyí tó parí rẹ̀ ní ọ̀sán. Bí gèlè olorì bá yí sápá òsì níbi kan, tó yí sápá ọ̀tún níbòmíràn, òǹwòran á rí i. Ẹni tó ń ya fọ́tò aṣọ kọ̀ọ̀kan, tó ń kọ nọ́ńbà ìran sí i, tó lè rán ẹ̀wù tó ya láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ń sanwó fún un láti ọjọ́ kìíní. O wà níbi iṣẹ́, ò ń wo bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é, olùdarí ń rí ojú rẹ lójoojúmọ́. Mo mọ obìnrin mẹ́ta tó gba ẹnu aṣọ wọ inú eré. Ní ọjọ́ tí òṣèré kan kò bá wá, ta ló mọ aṣọ náà, tó sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ìgbà mẹ́wàá?

ÌyáÌbejìPọ́bẹ̀

Kámẹ́rà, Ọlọ́run á bù kún ọ. Èyí wọ̀ mí lọ́kàn.

Olùkọ́Fẹ̀yìntì

Lórí bàbá rẹ. Má bá a jiyàn, ọmọ mi. Èmi náà ti jẹ́ bàbá tó ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe tíátà ló kórìíra, ọjọ́ iwájú rẹ ló ń wò.

Àwọn tó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọlọ́pàá ni Hubert Ògúndé. Eré ṣọ́ọ̀ṣì ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1944, bíi tìẹ gẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà ló kọ̀wé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ nígbà tó rí i pé èrò ń wá. Tíṣà ni Dúró Ládípọ̀. Tíṣà ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Nítorí náà má ti ṣọ́ọ̀bù rẹ pa. Ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn ló máa jẹ́ kó o lè sọ "rárá" fún irú ọkùnrin tó kọ̀wé sí ọ yìí.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń fi Djimon Hounsou ṣe àpẹẹrẹ fún mi, òṣèré fíìmù, ọmọ Kùtọ̀nù tí wọ́n ti dárúkọ lẹ́ẹ̀mejì fún ẹ̀bùn Oscar. Inú mi dùn sí i gidigidi. Ṣùgbọ́n mo máa ń rán wọn létí pé ọmọkùnrin yẹn ti sun ìta ní Paris rí. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi sun ìta kó tó di èèyàn, bàbá rẹ náà kò fẹ́ ẹ. Pè é wá wò ọ́ nínú eré tó ń bọ̀, fún un ní àga níwájú, má sọ ohunkóhun.

AlùpùpùÌlárá

Ìbodè ni mò ń ná. Bó o bá fẹ́ sọdá lọ́jọ́ kan, àdéhùn CEDEAO (ECOWAS), àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fún ọ ní 90 ọjọ́ láìsí físà, ṣùgbọ́n mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ dání, má gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Má fún ẹnikẹ́ni ní káàdì náà kó bá ọ pa á mọ́. Ẹni tó bá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ ti dè ọ́ mọ́lẹ̀. Má dá lọ ní ìgbà àkọ́kọ́.

AránṣọKétu

Ẹ ṣé o. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì sunkún níbi ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì.

Mo bi ọkùnrin náà ní àwọn ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kọ. Ó kọ́kọ́ ní àwọn ọmọ Kétu ò mọ nǹkan kan. Nígbà tí mo tún béèrè orúkọ ọ̀gá rẹ̀, ó bú mi, ó sì dínà mọ́ mi. Mo sọ fún ìyá mi lálẹ́ àná. Kò pariwo. Ó ní kí n kó owó náà wá, ó kà á, ó dì í sínú aṣọ, ó ní ìgbà tí mo bá rí olùkọ́ Faransé, kí n wá gbà á.

Mo ya fídíò láàárọ̀ yìí. Mo fi ànkárá mẹ́fà àti kóòtù ọkùnrin méjì kọ́ yí ara mi ká bí ẹ̀gbọ́n Kámẹ́rà ṣe wí. Òótọ́ ni, ohùn náà yàtọ̀. Mo ya ọ̀kan ní ohùn Kétu, ọ̀kan ní èyí tí wọ́n ń sọ lórí rédíò. Nínú ti rédíò, mo gbàgbé ara mi, mo pe fóònù ní pọ́tábù bí a ṣe ń pè é níbí, mo máa tún un ṣe. Bàbá mi gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá nígbà tí mò ń ṣe ìran ìjà. Ó dúró díẹ̀. Ó ní, "Ta lò ń bá jà?" Mo ní kò sí ẹnì kankan, bàbá. Ó wo inú ṣọ́ọ̀bù yíká, ó sì lọ.

Bàbá Ẹ̀fẹ̀, ọjọ́ wo ni kí n wá?

BàbáẸ̀fẹ̀

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ àti ìyá rẹ ni kẹ́ ẹ jọ wá. Má jẹun yó kó o tó wá, a ó lo ikùn. Ẹ gba ẹ̀yìn ọjà, torí ajá wà lẹ́nu ọ̀nà iwájú.